Irú Òtútù Wo Lẹ Ń Lọ Bá?

Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì ìsinmi ni lẹ́tà lórí aṣọ òtútù kò ti jẹ́ kí tábìlì olóòtú ojú ewé yìí sinmi. Ohun kan náà ló ń ba gbogbo àwọn tó kọ̀wé lẹ́rù: wọ́n ń lọ sí ibi tí wọn kò dé rí, ní àkókò tí òtútù ibẹ̀ le jù lọ, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò dì sínú àpótí. Mo ṣa díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé àwọn kan kúrú kí àyè lè gbà wá.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún. Àwa méjèèjì kò rí yìnyín rí, àfi nínú àwòrán. Mo ti ra kóòtù ńlá méjì tó nípọn bíi tìmùtìmù, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kò tí ì parí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? (Ọkọ tó fẹ́ mọ òótọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló jàre, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kóòtù náà lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ti gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lórí, iṣẹ́ náà sì ju ohun tí ẹyọ aṣọ kan lè dá ṣe lọ. Aṣọ kì í mú ooru wá láti ibì kankan. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ooru, iṣẹ́ aṣọ kò sì ju pé kó dá ooru náà dúró kó má tètè sá lọ. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ láàárín àwọn fọ́nrán aṣọ, àti láàárín aṣọ kan àti èyí tí a wọ̀ lé e, ló ń bá a ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí aṣọ mẹ́ta tí kò nípọn, tí a wọ̀ lé ara wọn, fi sábà máa ń móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ.

Ìdí kejì ni mo kà sí pàtàkì jù, òun sì ni ẹni tí kò gbé ibi òtútù rí kì í rò. Ní Montreal, ìta ní oṣù kìn-ín-ní sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo, òru a sì máa tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé àti inú ilé ìtajà máa ń móoru tó ìwọ̀n 20 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Lójúmọ́ kan ṣoṣo, ẹ lè wọlé jáde nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó sì gbé kóòtù bíi tìmùtìmù lé e, kò ní aṣọ tí yóò bọ́ díẹ̀díẹ̀: bí ó bá wà nínú ilé, yóò máa làágùn, bí ó bá sì jáde, òógùn náà yóò di omi tútù mọ́ ọn lára. Omi a máa gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń sá fún òtútù ni kí ẹ máa sá fún òógùn pẹ̀lú.

Aṣọ tí yóò kan ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní merino, tàbí èyí tí wọ́n fi polyester ṣe, kó sì lẹ̀ mọ́ ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kó má ṣe jẹ́ aṣọ òwú. Mo mọ̀ pé òwú la fẹ́ràn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí oòrùn bá ti ń mú, nítorí pé ó ń mu òógùn, ó sì ń tu ara; ṣùgbọ́n ohun tó fi ń tu ara níbẹ̀ gan-an ló fi ń pa ènìyàn lára nínú òtútù. Ó ń mu omi, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Irun àgùntàn lè gba ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó rin, kì í sì í tètè rùn, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ ẹyọ kan fún ọjọ́ mélòó kan.

Suwẹ́tà irun àgùntàn tàbí aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní fleece ni kó tẹ̀ lé e. Èyí tó ní sípù láti ọrùn dé ìdí ló rọrùn jù, nítorí pé ẹ lè ṣí i díẹ̀ nígbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀. Lórí ìyẹn ni kóòtù yín yóò ti wá ṣe iṣẹ́ tó yẹ ẹ́, èyí tí í ṣe láti dí atẹ́gùn àti omi lọ́nà. Ẹ wò ó bóyá ó gùn kọjá ìdí, bóyá ó ní ìbòrí tó so mọ́ ọn, àti bóyá etí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé fún pọ̀ kí atẹ́gùn má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n kì sínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó fúyẹ́ tó móoru tó o níwọ̀n ìgbà tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ náà bá rin, yóò lẹ̀ mọ́ra wọn, agbára rẹ̀ yóò sì lọ.

Kí ẹ tó gbé kóòtù náà kúrò nílé, ẹ wọ aṣọ méjì ti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá wọ òun náà lé e, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù sórí pẹpẹ. Bí èjìká bá fún yín, kóòtù náà kéré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan: aṣọ tó fún ti tẹ afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mú yín móoru jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Ní ọdún 1945, àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà méjì, Paul Siple àti Charles Passel, tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, jáde. Wọ́n gbé omi síta nínú ike, wọ́n sì ń wo bí ó ti ń pẹ́ tó kó tó di yìnyín bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ díẹ̀ tàbí púpọ̀. Láti ibẹ̀ ni àṣà pé kí wọ́n máa kéde bí òtútù ṣe máa rí lára ti jáde, ní ọdún 2001 sì ni Kánádà àti Amẹ́ríkà gba ìṣirò tuntun tí wọ́n ń lò báyìí. Ìṣirò náà fi hàn pé ìwọ̀n 10 sí ìsàlẹ̀ òdo, bí atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan bá bá a rìn, yóò rí lára bí ìwọ̀n 20 sí ìsàlẹ̀ òdo. Nọ́ńbà kejì yìí ni kí ẹ máa wò lórí fóònù yín láàárọ̀ kí ẹ tó jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, London ni mo ń lọ ní oṣù kejìlá. Mo ti ra bàtà yìnyín tó ga dé orúnkún àti ṣòkòtò tí àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín máa ń wọ̀. Kí ló kù tí mi ò tí ì rà? (Àbúrò yín obìnrin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ohun tó kù ni pé kí o dá méjèèjì padà bí ẹni tó tà á bá ṣì lè gbà á. Òtútù London kì í sábà jẹ́ òtútù yìnyín. Òtútù omi ni. Ọ̀sán ibẹ̀ ní àkókò náà sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 lókè òdo, òru a sì máa wà ní bíi 3, òjò kékeré a sì máa rọ̀ léraléra. Nọ́ńbà wọ̀nyí kò dẹ́rù bani lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin ní ìwọ̀n 4, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù ú, lè gbọ̀n ju ẹni tó gbẹ, tó sì wà ní ìwọ̀n 5 sí ìsàlẹ̀ òdo. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kò lè wọ̀, tó láyè tí suwẹ́tà yóò fi gba abẹ́ rẹ̀, àti bàtà aláwọ tí omi kò lè wọ̀, ni owó rẹ yẹ kó bá lọ.

Ìbéèrè rẹ ló jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fẹ́ sọ láti òkè. Ọ̀pọ̀ wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní òtútù bí ẹni pé ẹyọ kan ni, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ló yẹ kó pinnu ohun tí a ó dì. Má fi ojú máàpù nìkan wò ó. Ìlú Tromsø ní Nọ́wè wà ní òkè téńté ayé níhà àríwá, níbi tí oòrùn kì í ti yọ láti apá ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìn-ín-ní. Síbẹ̀, nítorí ìṣàn omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń gba etí rẹ̀ kọjá, oṣù kìn-ín-ní ibẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìwọ̀n 4 sí ìsàlẹ̀ òdo lọ. Winnipeg ní Kánádà, tó jìnnà sí etí òkun, tó sì wà ní ìsàlẹ̀ Tromsø dáadáa lórí máàpù, máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 16 sí ìsàlẹ̀ òdo ní oṣù kan náà. Gíga ilẹ̀ náà ní tirẹ̀: fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá gùn, ooru a máa dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5, nítorí náà ẹni tó sùn ní ìlú ìsàlẹ̀ òkè tó sì fẹ́ lọ ṣeré ní orí òkè kò gbọdọ̀ fi òtútù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ díwọ̀n ti òkè.

Oṣù náà pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Ní Ọsirélíà, New Zealand, Ajẹntínà àti Gúúsù Áfíríkà, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni ìgbà òtútù. Mo tilẹ̀ ka Johannesburg mọ́ àwọn ibi tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù: ọ̀sán ibẹ̀ a dára, oòrùn a yọ, ṣùgbọ́n òru lè lọ sí bíi ìwọ̀n 4, ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo inú ilé móoru bí ti àwọn ìlú yìnyín. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, aṣọ àwọ̀sùn tó móoru àti ìbọ̀sẹ̀ àwọ̀sùn wúlò ju kóòtù lọ. Nítorí náà, bi ẹni tó ni ilé tí o fẹ́ dé sí bóyá ilé náà ní ẹ̀rọ amúlémóoru, kí o tó bi í ní ohunkóhun mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ méjì ni mo fẹ́ gbé dání lọ sí Chicago: ọ̀kan jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ mélòó ni kí n wọ̀ fún wọn? (Ìyá ọmọ méjì)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọmọdé sábà máa ń fúnni rọrùn láti rántí: ẹ wọ aṣọ kan lé iye tí ẹ̀yin fúnra yín nílò láti móoru ní ibi kan náà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò lè sáré, kò sì lè sọ pé òtútù ń mú òun, nítorí náà ẹ máa fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ lè tutù láìjẹ́ pé ara rẹ̀ tutù. Bí ibẹ̀ bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Nínú ilé tó móoru, ẹ bọ́ fìlà lórí rẹ̀ kí ó tó sùn, ẹ má sì ṣe di bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ lé e lórí.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé rárá. Ẹ má ṣe fi kóòtù tó wú sí ọmọ lọ́rùn kí ẹ tó so ó mọ́ ìjókòó ọmọdé inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kóòtù náà yóò tẹ̀ pẹlẹbẹ, bẹ́líìtì tí ẹ rò pé ó fún yóò wá di èyí tó dẹ̀, ọmọ sì lè yọ́ jáde nínú rẹ̀. Suwẹ́tà tí kò wú ni kó wọ̀, ẹ so bẹ́líìtì náà mọ́ ọn dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ wá da kóòtù tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó láti òkè bẹ́líìtì.

Ti ọmọ ọdún mẹ́rin kò le. Yóò bọ́ sínú yìnyín, yóò jókòó sínú rẹ̀, bóyá yóò sì jẹ ẹ́. Aṣọ alásopọ̀ tí omi kò lè wọ̀, èyí tí jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ló dára jù fún un, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì-méjì nítorí pé àkọ́kọ́ yóò rin kí ó tó di ọ̀sán. Dípò gèlè ọrùn gígùn tó lè há mọ́ nǹkan nígbà eré, ẹ ra èyí tó rí bí òrùka aṣọ, tí a máa ń ti orí bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kìlógíráàmù 23 péré ni wọ́n fún mi láyè láti gbé, kóòtù àti bàtà nìkan sì ti fẹ́ jẹ ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fẹ́ lò. Báwo ni ti aṣọ yòókù yóò ṣe ṣe é ṣe? (Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn)

ÌDÁHÙN: Kóòtù àti bàtà kò sí nínú àpótí rárá, ara yín ni wọ́n wà ní ọjọ́ ìrìn-àjò. Bí ooru bá mú yín ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ gbé kóòtù náà kọ́ apá. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé aṣọ tó kù kò pọ̀: àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó móoru mẹ́ta, suwẹ́tà méjì, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn mẹ́rin. Ẹ lè fi ọwọ́ fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lálẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ilé tí ẹ̀rọ ń mú móoru máa ń gbẹ gan-an, aṣọ fẹ́lẹ́ sì sábà máa ń gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kóòtù ni gbogbo ayé yóò máa rí. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé suwẹ́tà àná lẹ tún wọ̀. Àwọn àpò tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde a máa dín àyè tí aṣọ ń gbà kù, ṣùgbọ́n wọn kì í dín ìwọ̀n kìlógíráàmù kù, ohun tó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nìyẹn.

Ẹ dì odindi aṣọ ọjọ́ kan, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀wọ́, sínú báàgì tí ẹ ó gbé wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Èmi fúnra mi ti dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ rí, tí àpótí mi sì pẹ́ ọjọ́ méjì lẹ́yìn mi. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ nígbà náà kò ju èyí tí ènìyàn fi ń lọ sí ibi ìpàdé lọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́. Inú báàgì ọwọ́ yìí kan náà ni bátìrì alágbèéká tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé òfin ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á láàyè nínú ẹrù tí wọ́n ń gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Aṣọ tí ẹ ó lò fún ọjọ́ kan ṣoṣo, bíi ti eré yíyọ̀ lórí yìnyín, ẹ má rà á. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré náà ni wọ́n sábà máa ń ti yá a fún àlejò.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ ní èṣí, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò móoru rí. Ọwọ́ mi náà kò yàtọ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dára? (Ẹlẹ́sẹ̀ tútù)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kejì náà ló fa á. Bí bàtà bá fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ooru lọ síbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan tó nípọn, nínú bàtà tó fi díẹ̀ tóbi ju èyí tí ẹ máa ń wọ̀ lọ, tí àwọn ọmọ ìka sì lè mira nínú rẹ̀, yóò ṣe yín lóore ju méjì lọ. Kí ìsàlẹ̀ bàtà náà jẹ́ rọ́bà tó nípọn, tí ojú rẹ̀ sì ya kòtòkòtò kó lè di ilẹ̀ mú, nítorí pé omi dídì ojú ọ̀nà kì í mọ àlejò. Ẹ wọ̀ ọ́ rìn nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ.

Ní ti ọwọ́, ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé inú yàrá kan, tí àtàǹpàkò nìkan sì dá wà, móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ẹ lè wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ fóònù. Fóònù náà kò fẹ́ràn òtútù, bátìrì rẹ̀ a máa tètè kú, nítorí náà àpò inú kóòtù ni kí ẹ fi í sí. Bí ọmọ ìka tàbí etí bá kú tipiri, tí àwọ̀ ibẹ̀ sì ń funfun tàbí tó ń rí bí eérú, ẹ tètè wọ ilé, ẹ má ṣe fi yìnyín ra á, ẹ má sì fi ọwọ́ líle ra á.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìdajì ooru ara ń gba orí jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá awọ ara àgbàlagbà lọ. Ẹ dé fìlà nítorí etí yín. Ẹ má sì gbàgbé ìpara tó sanra fún ètè àti ọwọ́, àti gíláàsì ojú, nítorí pé yìnyín tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tó ń sun awọ padà sójú ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Reykjavík, ní orílẹ̀-èdè Iceland, ni mo ń lọ. Ṣé kí n mú agbòòrùn? (Mo fẹ́ mọ̀ kíákíá)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ooru ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní kò jìnnà sí òdo, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ yóò yí agbòòrùn náà padà kí ẹ tó rìn dé ìkóríta. Ẹ fi àyè rẹ̀ dì ìbọ̀wọ́ kejì, kí ẹ sì rí i pé ìbòrí kóòtù yín ní okùn tí a lè fi fún un mọ́ àgbọ̀n.